Ọ̀rọ̀ Tí Ń Bẹ Lẹ́yìn Àwòrán: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Ará Ìlúpéjú-Èkìtì lórí Sinimá Ẹ̀rù, Eré Àràmàǹdà àti Àwọn Tí Wọ́n Fẹ́ràn Wọn

Iṣẹ́ tí ẹ bẹ̀ mí ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí sinimá tí ń já ènìyàn láyà àti lórí eré amóhùnmáwòrán tí ń rò nípa ayé tí ẹsẹ̀ ẹ̀dá kò ì tí ì tẹ̀. Ẹ sì là á yé mi pé kì í ṣe àwọn òṣèré ni kí n dojú ọ̀rọ̀ kọ, bí kò ṣe àwọn tí ń wò wọ́n, àwọn tí ó jẹ́ pé bí àwòrán bá ti parí lójú wọn ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu wọn, tí ọ̀kan yóò máa wí pé iwin náà kò lè kú, tí èkejì yóò máa wí pé ó ti kú, tí ẹ̀kẹta yóò sì dìde láti fi ara ṣàpèjúwe bí ó ti ṣubú, títí ìyá wọn yóò fi ké sí wọn láti inú yàrá pé kí wọ́n jẹ́ kí ará ilé sùn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n ka irú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ ọ̀lẹ. N kò bá wọn wí, nítorí pé ẹni tí oko ń dúró dè kò lè ka àríyànjiyàn lórí òkú tí ó jí sí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n èmi gbà, tọkàntọkàn ni mo sì fi gbà, pé ọ̀rọ̀ tí àwọn olùwòran ń sọ lẹ́yìn àwòrán wà lára ogún tí ó ṣe iyebíye jù lọ tí ìran wa ní, pé òun ni ó sọ ìtàn di ohun tí gbogbo ìlú jọ ń dá lẹ́jọ́, àti pé bí a kò bá kó o jọ nígbà tí àwọn tí ó wà lẹ́nu wọn ṣì wà láàyè, àdánù tí yóò bá wa yóò ju èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa ti rò lọ.

Ẹ má jẹ́ kí a rìn jìnnà kí a tó rí ẹ̀rí. Ìrè-Èkìtì, ìlú Ògún Onírè, kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí ibi tí a jókòó sí yìí, kò sì sí ọmọ Èkìtì kan tí kò tí ì gbọ́ bí Ògún, Òṣìnmọlẹ̀, akin tí ogun kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀, ṣe ti ojú ogun bọ̀ pẹ̀lú òùngbẹ lọ́nà ọ̀fun, tí ó bá àwọn ará ìlú ní ìjókòó ọjọ́ tí a kì í sọ̀rọ̀, tí kò sí ẹni tí ó kí i, tí ó sì rí i pé agbè ẹmu tí ó wà nílẹ̀ ṣófo. Bí ó ṣe rò pé wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, tí ó yọ idà, tí ó sì pa àwọn ènìyàn rẹ̀ títí inú rẹ̀ fi rọ̀, tí ó wá mọ òtítọ́ ọ̀ràn náà, tí àbámọ̀ bò ó, tí ó sì wọlẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá wá sinimá tí ó ní ẹ̀rù nínú ju èyí lọ, yóò wá a pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn baba wa ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ìtàn náà tán: wọn kì í dákẹ́. Wọ́n ń bi ara wọn léèrè bóyá ó yẹ kí ẹnì kan rú òfin ìdákẹ́jẹ́ nítorí ẹ̀mí ọgọ́rọ̀ ènìyàn; wọ́n ń béèrè bóyá òrìṣà lè ṣe àṣìṣe; wọ́n ń béèrè ìwúlò àbámọ̀ fún ẹni tí a ti pa. Ẹ̀rù ni ó mú wọn jókòó, ìbéèrè ni kò jẹ́ kí wọ́n dìde.

Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni olóògbé D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, bá nílẹ̀ nígbà tí ìwé rẹ̀, *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀*, jáde ní ọdún 1938. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ dá ẹ̀dá abàmì sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n òun ni ó fún wọn ní ojú, aṣọ àti orúkọ tí ọmọ ilé-ìwé ní Ìkọ̀lé àti ọmọ ilé-ìwé ní Abẹ́òkúta jọ lè mẹ́nu bà, tí àwọn méjèèjì yóò sì mọ̀ pé ẹni kan náà ni àwọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún di ojúlùmọ̀ gbogbo ilé. Ẹnì kan yóò máa kàwé sókè, àwọn tí kò mọ̀wé yóò máa gbọ́, bí ó bá sì di ibi tí ọdẹ àti iwin ti pàdé, olùkàwé kì í lè ṣí ojú ewé mìíràn mọ́, nítorí pé àwùjọ ti pín sí méjì: apá kan ń ti ọdẹ lẹ́yìn, apá kejì ń sọ pé bí ó bá jẹ́ àwọn ni, àwọn ì bá ti sá.

Lẹ́yìn ìwé ni orí ìtàgé. Ọmọ Èkìtì wa, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tí a bí ní Òkèmẹ̀sí ní ọdún 1925, mú ìwé tí Amos Tutùọlá kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó jáde ní ọdún 1952, ó sì sọ ọ́ di eré Yorùbá, ìtàn ọ̀mùtí tí ó wá adẹ́mu rẹ̀ tí ó kú lọ sí ìlú àwọn òkú. Ní ọdún 1963 ni ó gbé e jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Demas Nwoko ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé náà lọ́nà tí ó fi dà bí ẹni pé igbó tòótọ́ ni àwọn ènìyàn ń wò. Èmi kò mọ ọmọ Èkìtì mìíràn tí ó ṣe ohun tí ó tó èyí fún ìtàn àràmàǹdà, ó sì dùn mí pé àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n mọ orúkọ gbogbo òṣèré Amẹ́ríkà kì í sábàá mọ orúkọ rẹ̀.

Ọdún 1963 yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi yóò dúró lé díẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kọkànlá ọdún náà, ilé-iṣẹ́ BBC ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ eré amóhùnmáwòrán kan tí wọ́n pè ní *Doctor Who*, nípa ọkùnrin abàmì kan tí ń rìn kiri inú ìgbà àti àkókò nínú àpótí aláwọ̀ búlúù tí inú rẹ̀ tóbi ju òde rẹ̀ lọ. Oṣù tí ó tẹ̀lé e kò tí ì parí tí odò Kàdúná fi gbé Fágúnwà lọ nítòsí Wuya ní ilẹ̀ Nupe. Eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbilẹ̀, ó sì la òkun kọjá, nítorí pé BBC ń ta ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ní ilẹ̀ òkèèrè, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó rà á. Ọ̀pọ̀ àgbà ní orílẹ̀-èdè yìí ni ó wo ọkùnrin alápòótí náà nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, láìmọ̀ pé ohun tí wọ́n ń wò yóò di ohun tí ayé ń wá kiri.

Ìdí tí ayé fi wá a kiri ni èyí. Ní àkókò náà, téèpù tí a fi ń gba àwòrán sílẹ̀ wọ́n gógó, a sì lè pa ohun tí ó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí a tún un lò. Kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ fídíò nílé, àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ náà kò sì rò pé ẹnikẹ́ni yóò tún fẹ́ wo eré àtijọ́. Nítorí náà, láàárín nǹkan bí ọdún 1967 sí 1978, wọ́n pa púpọ̀ nínú eré náà rẹ́, wọ́n sì sọ fíìmù púpọ̀ nù. Nígbà tí wọn yóò fi mọ ohun tí wọ́n ṣe, ọ̀pọ̀ ìpín eré náà kò sí ní ibì kankan mọ́, àwọn tí a kò sì tíì rí títí di òní lé ní àádọ́rùn-ún.

Ta ni ó wá gbà wọ́n sílẹ̀? Kì í ṣe ọ̀gá ilé-iṣẹ́, kì í ṣe ìjọba. Àwọn ọ̀dọ́ ni, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn eré náà dé ibi pé, ní àwọn ọdún 1960 yẹn, wọ́n ń gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ kalẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n baba wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ di ẹnu àwọn àbúrò wọn, wọ́n sì ń gba ohùn eré náà sílẹ̀ kí àwọn lè tún un gbọ́, kí àwọn lè bá ọ̀rẹ́ àwọn jiyàn lórí rẹ̀ ní ilé-ìwé lọ́jọ́ kejì. Nítorí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ìpín tí ó sọnù náà tí ohùn rẹ̀ kò sí lónìí, BBC fúnra rẹ̀ sì ti ń ya àwòrán tuntun lé ohùn wọ̀nyẹn lórí kí ìran tuntun lè wò wọ́n. Èmi kò lè ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí kí ó má wú mi lórí. Àwọn tí àgbà ń bá wí pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò lórí ìsọkúsọ ni ó wá di olùtọ́jú ìṣúra orílẹ̀-èdè wọn.

Ìyókù ìtàn náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Philip Morris, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá fíìmù tí ó sọnù kiri ilẹ̀ Áfíríkà, dé ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kan ní ìlú Jos, ó sì bá àwọn agolo fíìmù tí eruku ti bò nílẹ̀. *Doctor Who* ni ó wà nínú wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013 ni a kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé pé ìpín mẹ́sàn-án tí a ti sọ̀rètí nù nípa wọn ti padà wá: a rí gbogbo èyí tí ó kù nínú *The Enemy of the World*, nínú èyí tí òṣèré kan ṣoṣo, Patrick Troughton, ti ṣe olóore tí ó sì tún ṣe ìkà, a sì rí gbogbo *The Web of Fear* àfi ìpín kan, ìtàn àwọn ẹ̀dá onírun tí ń dọdẹ ènìyàn nínú ihò ọkọ̀ ojú irin lábẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Orílẹ̀-èdè tiwa ni ó fi ohun tí àwọn onílé sọ nù pamọ́ fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n wá béèrè, kì í ṣe láti bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ká mi lára: ta ni ó fi tiwa pamọ́ fún wa? Ní Ìbàdàn ni a ti dá ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959. Àwọn ẹgbẹ́ eré alárìnkiri wa lọ sí ibẹ̀, wọ́n ṣeré, àwọn ènìyàn wò wọ́n. Ohun tí ó kù fún wa láti wò lónìí nínú gbogbo rẹ̀ kò tó nǹkan. Sinimá wa kò sì sàn jù. Nígbà tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ṣe *Ọ̀run Móoru* ní ọdún 1982, eré tí ènìyàn àti ẹ̀dá abàmì ti jọ pàdé, àwọn olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò kí ó tó rí èrè rẹ̀ jẹ, gbèsè sì mù ún dé ọrùn. Ṣùgbọ́n ìrètí kò pin, nítorí pé ní ìlú Jos yìí kan náà, ní ọdún 2016, ni a tún ti rí fíìmù *Shaihu Umar* tí Adamu Halilu ṣe ní ọdún 1976, èyí tí àwọn ènìyàn ti rò pé ó ti ṣègbé, a sì tún un ṣe ní ilẹ̀ Jámánì títí ó fi dára.

Bí ó ti wù kí ó rí, àwòrán nìkan kọ́ ni ìṣúra. Bí a bá rí gbogbo agolo fíìmù ayé, tí a kò sì mọ ohun tí àwọn ará Ìlúpéjú sọ nígbà tí wọ́n wò ó, ààbọ̀ ìṣúra náà ni a ní lọ́wọ́. Ẹ rántí *Aiyé* tí Hubert Ògúndé gbé jáde ní ọdún 1979, tí Ọlá Balógun darí rẹ̀. Kò sí ilé sinimá ní ọ̀pọ̀ ìlú wa nígbà náà. Inú gbọ̀ngàn ilé-ìwé àti gbọ̀ngàn ìlú ni wọ́n ti ń so aṣọ funfun mọ́ ògiri, tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, tí ìlú yóò sì dà wọ inú òkùnkùn. Ògúndé fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí ó dojú kọ àwọn àjẹ́. Nígbà tí wọ́n bá sì ń padà sílé lóru, ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé ṣé eré lásán ni baba yìí ń ṣe, àbí ó ní agbára náà ní tòótọ́. Nítorí pé báwo ni ẹni tí kò ní nǹkan lọ́wọ́ yóò ṣe máa pe orúkọ àwọn ìyá ní gbangba tí kò ní ṣubú? Ìbéèrè ńlá ni, mo sì ka àwọn tí ó béèrè rẹ̀ sí onírònú, nítorí pé ohun tí wọ́n ń wádìí ni ààlà tí ó wà láàárín eré àti ayé.

Lẹ́yìn náà ni ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 dé, tí ẹgbẹ́ eré Mount Zion, èyí tí Mike Bámilóyè dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, gbé *Agbára Ńlá* jáde. Kò sí ọmọ tí ó dàgbà ní àkókò náà tí orúkọ Ìsáwurú, ìkà inú eré náà, kò já láyà rí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé ẹ̀rù kan náà ni, òru kan náà, oògùn kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹ́gun ti yàtọ̀: ní ọdún 1979 babaláwo ni ó gba ìlú là, nígbà tí ó fi di ìgbà Ìsáwurú, ajíhìnrere ni. Ní agbo ilé tí Mùsùlùmí, Kírísítẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe ti ń jẹun nínú àwo kan, irú ìyípadà yìí kò lè kọjá láìsí àríyànjiyàn, kò sì kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn fi ọ̀rọ̀ sinimá sọ ohun tí wọn kò lè sọ fún ara wọn lójúkojú nípa ẹ̀sìn.

Ìdáhùn kẹta wá ní ọdún 2009, nígbà tí Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, ṣe *The Figurine*, tí a tún ń pè ní *Aràrọmirẹ*. Ère òrìṣà kan bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọ̀rẹ́ méjì. Ọdún méje oríire tẹ̀lé e, ọdún méje ibi sì fẹ́ tẹ̀lé ìyẹn. Ṣé òrìṣà ni ó ń pa wọ́n ni, àbí ìlara ọ̀rẹ́? Fíìmù náà fi ìbéèrè yẹn lé olùwòran lọ́wọ́. Nínú gbogbo sinimá ẹ̀rù wa, èyí ni mo fẹ́ràn jù lọ, nítorí pé ó bu ọlá fún àríyànjiyàn ọ̀nà ilé, ó sì gbà pé àwa tí a jókòó nínú òkùnkùn lè dájọ́.

Ọ̀ràn kan wà tí n kò lè fò dá. Láti ọjọ́ tí sinimá ẹ̀rù Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ti sábà ń jẹ́ pé bí a bá ń wá ìkà, ìyá arúgbó ni a ń rí: opó, àgàn, ìyálé tí ọkọ kọ̀. Àwòrán a máa wọ ọkàn lọ. Arúgbó tí ń dá gbé ní ẹ̀yìn ìlú, tí ń sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀, lè bẹ̀rẹ̀ sí rí ojú tí kò rí rí láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí ó bá ìyá wọn wẹ̀ wọ́n. Òṣèré kò lè tún èyí ṣe lẹ́yìn tí àwòrán ti parí. Olùwòran ni ó lè ṣe é, bí ẹnì kan nínú agbo bá lè dìde wí pé, "Kí ni ìyá yìí ṣe gan-an? Ta ni ó rí i?" Mo ti gbọ́ kí ọmọbìnrin kan béèrè bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí agbo sì dákẹ́, tí wọ́n sì tún ọ̀ràn náà gbé yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ òde òní ń bá iṣẹ́ náà lọ ní ọ̀nà tiwọn. Nígbà tí fíìmù *Aníkúlápó* jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, tí ẹyẹ Àkàlà jí Ṣàrò aláṣọ òkè dìde, ẹjọ́ Àròlákẹ́, aya rẹ̀, ni wọ́n ń dá: ǹjẹ́ ó jẹ̀bi bí ó ti gba agbára lọ́wọ́ ọkùnrin tí ó dalẹ̀ rẹ̀? Nígbà tí *Iwájú*, eré àwòrán yíyà tí àwọn ọ̀dọ́ ilé-iṣẹ́ Kugali bá Disney ṣe nípa Èkó ọjọ́ iwájú, jáde ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n ń béèrè ìdí tí ọlọ́rọ̀ àti tálákà fi tún yà sọ́tọ̀ ní ayé tí ọkọ̀ ti ń fò. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí yẹ lẹ́nu àwọn ọmọ ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ.

Nítorí náà, ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ yín kò nílò owó púpọ̀. Fóònù tí ó wà nínú àpò yín lè gba ohùn sílẹ̀ ju ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn gbé síwájú tẹlifíṣọ̀n lọ. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa eré ìtàgé ní yunifásítì tí ó wà ní Ọ̀yẹ́, tọ àwọn àgbà lọ ní agbo ilé wọn, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ, kí ẹ sì béèrè: inú gbọ̀ngàn wo ni ẹ ti wo *Aiyé*? Ta ni ó jókòó tì yín? Eélòó ni ẹ san? Ibo ni ẹ̀rù ti bà yín jù, kí ni ẹ sì sọ fún ara yín nígbà tí ẹ ń bọ̀ wálé? Kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀ka èdè ìlú wọn dáhùn, kí ẹ má ṣe tún un ṣe sí Yorùbá ilé-ìwé, kí ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ìlú sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní yunifásítì, ẹ̀dà kejì ní ààfin. Bí àpótí kásẹ́ẹ̀tì fídíò bá wà lábẹ́ ibùsùn ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣe jẹ́ kí a dà á sí ààtàn kí ẹnì kan tó wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí *Aiyé* jáde ti lé ní ọgọ́ta ọdún lónìí, àwọn tí ó wo Ògúnmọ́lá nígbà èwe wọn sì ti di àgbàlagbà tí a kò lè fi ọ̀rọ̀ wọn dọ́la. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá sì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, nítorí pé a ti gbọ́ ohun tí àwọn baba sọ nípa àjẹ́ inú sinimá, a kò sì tíì béèrè tó lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n jókòó nínú òkùnkùn yẹn, tí wọ́n ń wo ìyá tí ó jọ ìyá wọn lójú aṣọ funfun.